Àwọn Fáìlì Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Rẹ́jísítà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun kò jowú rí láyé òun, ẹ má dá a lóhùn, ẹ kàn wo ojú rẹ̀. Èmi jowú. Mo jowú obìnrin kan tí kò gba ọkọ mi, tí kò bá mi du ilẹ̀, tí kò gbé ohùn sókè sí mi lọ́jọ́ kan. Orí fáìlì inú kọ̀mpútà ni mo ti jowú rẹ̀. Ká ní ìyá mi ṣì wà láyé ni, tí mo sì ròyìn rẹ̀ fún un, yóò bi mí bóyá orí mi pé.

Òkè-Ìlá ni ilé iṣẹ́ wa wà, yàrá méjì tó kọjú sí títì nínú ilé ọ̀gá wa. Pírínsípà ni ọ̀gá wa kó tó fẹ̀yìn tì, Baba ni gbogbo wa sì ń pè é. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń bú ìjọba, òun ní òun fẹ́ ṣe ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè máa kà lórí fóònù àwọn òbí wọn: ìṣirò, ìlera, iṣẹ́ àgbẹ̀, èdè wa. Èmi ló kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì yẹ kí wọ́n fi mí ṣe igbákejì pírínsípà tí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Nígbà kejì, ẹni tí èmi fúnra mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ni wọ́n gbé e fún. Mo kọ̀wé, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo jókòó sílé fún ọdún méjì, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀mpútà. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé mo fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí irun mi tó funfun tán, ẹ má pè é ní ìgbéraga.

Gbogbo ohun tí a bá kọ ní ilé iṣẹ́ wa, a máa ń fà á lé ètò kan lọ́wọ́ tó ń tọ́pa fáìlì. Ó mọ ẹni tó kọ ọ́, ó mọ ọjọ́ tó kọ ọ́, ó sì mọ ohun tó yí padà nínú rẹ̀. Fáìlì tí a kò bá fà lé e lọ́wọ́, kò mọ̀ ọ́n rí. Èyí tí a bá fà lé e lọ́wọ́, kò ní gbàgbé rẹ̀. Àṣẹ kúkurú kan wà tí èèyàn lè tẹ̀, yóò sì to orúkọ gbogbo fáìlì tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Lọ́jọ́ tí mo fi èyí han Baba, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Rẹ́jísítà lèyí," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ ká máa pè é."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, ní aago mẹ́jọ géérégé, bí a bá ti kọ orin ìsìn kan tí a sì gbàdúrà, màá tẹ orúkọ àwọn fáìlì jáde sórí ìwé, màá kó o fún Baba. Baba á dìde dúró, nítorí kì í jókòó pe rẹ́jísítà, á sì máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kọ fáìlì ni yóò dáhùn fún un: "Prẹ́sẹ́ǹtì, sà!" Bó bá pè é tán, á ká ìwé náà, á fi í sápò, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Àlejò kan láti Èkó bá wa níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ní tiwa, a kò rí ẹ̀rín kankan níbẹ̀. Ní Èkìtì níbí, bí tíṣà kò bá sí nínú ilé kan, ẹ lọ wo ilé kejì. Rẹ́jísítà ni wọ́n fi tọ́ gbogbo wa dàgbà.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni ó fi jẹ́ pé èmi ni mò ń dáhùn. Ọkùnrin aláwàdà kan wà tó ń ya àwòrán fún wa, ẹni àádọ́ta ọdún, òun náà a máa dáhùn sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Èmi ni mo ni ìyókù. "Ìdá." "Prẹ́sẹ́ǹtì, sà." "Ìsodipúpọ̀." "Prẹ́sẹ́ǹtì, sà." "Ìwọ̀n." "Prẹ́sẹ́ǹtì, sà." Ẹ kò lè mọ bó ṣe máa ń dùn mọ́ mi tó. Ó máa ń ṣe mí bí ìyá tó bímọ púpọ̀, tí gbogbo wọn sì wá sí ilé-ìwé lọ́jọ́ náà, tí ẹyọ kan kò ṣàìsàn.

Ìgbà yẹn ni Baba mú obìnrin ará Ìgbẹmọ wá.

Kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlógójì. Ọmọ àgbẹ̀ onírẹsì ni, ìjọ aláṣọ funfun ni ó ń lọ, Fájuyì ni ó sì ti máa ń wọkọ̀ lọ sílé nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó kúnlẹ̀ kí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú uṣẹ́ o," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ó kọ́ mi." Ayàwòrán gbójú sókè níbi tó ti ń ya ewúrẹ́. "Ó parí," ó ní, "ìyálé ti ní ìyàwó." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní ìyálé tí wọ́n sì ń pe òun ní ìyàwó. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, mo rò pé àwàdà ni. Àwọn àgbà kò kúkú purọ́ tí wọ́n ní òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin, kò dénú.

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó dáhùn. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kó tó pé oṣù méjì, ó ti ń dáhùn bí ẹni pé òun nìkan ni a bí sínú ilé náà. "Ìlera, ọwọ́ fífọ̀." "Prẹ́sẹ́ǹtì, sà." "Ìlera, ẹ̀fọn." "Prẹ́sẹ́ǹtì, sà." Ohùn akọrin ni ohùn rẹ̀, ó sì máa ń dá a lóhùn bí ẹni tó fẹ́ gbé orin. Baba á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "O káre, ọmọ mi." Ọmọ mi! Ọdún mẹ́ta ni mo fi bá Baba ṣiṣẹ́, kò pè mí ní ọmọ rẹ̀ rí. "Ó dára" ni ó máa ń wí fún mi, bí ẹni tó ń fi àmì sí iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tó bá pe obìnrin náà ní ọmọ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ wò ó, èmi arúgbó tó ń bọ̀ yìí.

Ó gbé ìrẹsì Ìgbẹmọ wá fún wa lọ́jọ́ kan, olúkúlùkù ní àpò kékeré tirẹ̀. Mo sè é nílé. Ọkọ mi jẹ ẹ́, ó tún bu òmíràn, ó ní, "Irú ìrẹsì wo lèyí? Ẹni tó fún ọ káre." Mo ní iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọkọ mi wò mí títí, nítorí èmi ni mo sè é, èmi ni mo fi iyọ̀ sí i.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, Baba pe rẹ́jísítà tán lọ́jọ́ Ajé kan, kò ká ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Kí àgbàdo tuntun tó tán lọ́jà, ọ̀kan nínú ẹ̀yin obìnrin méjèèjì ni màá kó kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ yìí fún. Òun ni yóò jẹ́ ọ̀gá. Èmi á kàn máa wá pe rẹ́jísítà." Kò sọ bí òun yóò ṣe yan ẹni náà. Ṣùgbọ́n ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni gbogbo wa ń wò. Èmi ni mo wò ó pẹ́ jù.

Èṣù ò wọlé lọ́jọ́ tó wù ú, ilẹ̀kùn ni èèyàn máa ń ṣí fún un. Tèmi ṣí báyìí. Àṣẹ tí mo ń fi to orúkọ fáìlì yẹn ní asẹ́ tirẹ̀. Èèyàn lè sọ fún un pé àwọn tó bá ní orúkọ báyìí nínú nìkan ni òun fẹ́ rí, tàbí pé kó to gbogbo wọn àfi àwọn tó bá ní orúkọ báyìí nínú. Ó máa ń ṣe é gẹ́lẹ́ bí a ṣe ń jọ èlùbọ́, èyí tí a fẹ́ á bọ́ sínú igbá, èyí tí a kò fẹ́ á kù lójú asẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, mo fẹ́ wá fáìlì ìṣirò kan tí mo gbé sọnù sáàárín àwọn yòókù, mo sì sọ fún un pé kó yọ gbogbo ìlera kúrò lójú mi. Lọ́jọ́ Ajé, òjò dá mi dúró lójú ọ̀nà. Mo sáré wọlé pẹ̀lú bàtà tútù, mo tún àṣẹ ìkẹyìn tí mo lò lọ́jọ́ Ẹtì tẹ̀ láìwò ó, mo kó ìwé fún Baba.

"Ìdá," ni Baba wí. Mo dáhùn. Lẹ́yìn ìdá, ìlera ló yẹ kó kàn.

"Ìsodipúpọ̀," ni Baba wí.

 Mo wo ìyàwó. Ó ti gbé orí sókè, ó ti la ẹnu fún ìdáhùn, ó wá pa á dé. Baba ń bá tirẹ̀ lọ. Fáìlì méje ló wà nínú ìlera, tirẹ̀ sì ni gbogbo wọn, kò sí ẹni tó pe ẹyọ kan. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò le. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àṣìṣe ni," ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni. Ó ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. N kò ní parọ́ fún yín, ó dùn. Ó dùn ju ìrẹsì náà lọ.

Nígbà tí a jókòó tán, ó wá bá mi nídìí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n, uṣẹ́ mi tó wà lórí ìlera, mi ò gbọ́ kí Baba pè é."

"Bóyá ẹ̀rọ ni," mo ní, n kò wo ojú rẹ̀. "Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn ti darúgbó."

"Háà. Ẹ̀rọ." Ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n."

Ká ní ó bá mi jà ni, màá jáwọ́. Ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ ló tún bí mi nínú.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo dá ìlera padà, mo wá fi asẹ́ yọ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ kúrò. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo dá iṣẹ́ àgbẹ̀ padà, mo yọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí omi àti ìdọ̀tí. Mo di ọ̀jáfáfá. N kì í yọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ìwé náà má baà fúyẹ́ lọ́wọ́ Baba. N kò sì fọwọ́ kan fáìlì kankan. Ohun tí mò ń sọ fún ara mi nìyẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì: n kò pa ohunkóhun rẹ́, gbogbo rẹ̀ ṣì wà níkàáwọ́ ètò tó ń tọ́pa wọn, mo kàn ní kó má dárúkọ àwọn kan ni. Pẹ̀lú àlàyé yìí ni mo fi kúnlẹ̀ gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Ọlọ́run nìkan ló mọ bí Ó ṣe fara dà mí.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọn kò tán. Bí mo bá yọ méje, mẹ́wàá mìíràn á ti dé. Baba ń pe, ìyàwó ń dáhùn, bí ẹni pé n kò yọ nǹkan kan. Ayàwòrán ní, "Ìyálé, ẹ wo ìyàwó, ìbejì ló ń bí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín, eyín nìkan ló ṣí. Ní tèmi, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ ẹ̀kọ́ kan lórí ìdá, pẹ̀lú àpẹẹrẹ iṣu tí a gé àti ọsàn tí a pín, pẹ̀lú ìbéèrè ogún. Fáìlì kan ni, prẹ́sẹ́ǹtì kan. Mo máa ń jókòó sí ìdí àwo oúnjẹ mi, màá máa ronú pé kí ni obìnrin yìí ń jẹ gan-an. Ta ni ó lè kọ fáìlì mẹ́wàá láàárín ọ̀sẹ̀ kan? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jowú ọwọ́ rẹ̀, mo jowú ọjọ́ orí rẹ̀, mo jowú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sílé, nítorí ó máa ń wọlé láàárọ̀ bí ẹni tó sùn dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ṣe é. Ní Ọjọ́bọ̀ kan lẹ́yìn tí a jẹun ọ̀sán, Baba ránṣẹ́ pè mí sí pálọ̀ rẹ̀.

Ó ti to ìwé mẹ́fà sórí tábìlì, ìwé ọjọ́ Ajé mẹ́fà. Èmi kò mọ̀ pé ó ń tọ́jú wọn láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ó ti fi bírò pupa yí àwọn orúkọ kan ká.

"Ọdún márùndínlógójì ni mo fi pe rẹ́jísítà," ó ní. "Bí ọmọ kan bá wá lọ́sẹ̀ yìí, tí kò wá lọ́sẹ̀ kejì, tó tún wá lọ́sẹ̀ kẹta, ìsáǹsá là ń pè é. Ìsáǹsá kún rẹ́jísítà mi." Ó fi ìka tọ àwọn orúkọ náà. "Ìlera sá. Ó padà. Iṣẹ́ àgbẹ̀ sá. Ó padà. Ẹyọ kan nínú tìrẹ kò sá rí. Tìyàwó nìkan ló ń sá. Kí ló ń ṣe wọ́n? Àìsàn ni?"

"Ẹ̀rọ ni, sà."

"Ẹ̀rọ."

Kò gbé ohùn sókè. Ó ṣí Bíbélì rẹ̀, ó fa bébà kan yọ níbẹ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú mi. Lẹ́tà ni. Orúkọ mi ni mo rí, orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rí mi gẹ́lẹ́, wọ́n sì kọ ọ̀gá àgbà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìlà pupa kan gba orí rẹ̀ kọjá. Ìlà náà tọ́ gbọnrangandan. Rúlà ni Baba fi fà á.

"Mo ti kọ lẹ́tà yìí kí n tó sọ fún yín pé mo fẹ́ yan ẹnì kan," ó ní. "Ìwọ ni, láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì ṣiṣẹ́ gírí ni mo ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, òun ni màá kó kọ́kọ́rọ́ fún lọ́jọ́ Ajé. N kò ní dójú tì ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lọ bá a kó tó wọkọ̀ lónìí, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tí o ṣe fún un. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́, fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

N kò sunkún níbẹ̀. Ìlà yẹn ni mo ń wò. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, n kò mọ ìgbà tí mo ṣe é, Baba sì ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù.

Nígbà tí mo fi padà sí yàrá iṣẹ́ láti kó báàgì mi, ìyàwó ti tètè lọ lọ́jọ́ náà. Mo gun ọ̀kadà tẹ̀ lé e dé Fájuyì. Mo rí i lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Ìgbẹmọ, èrò kò tíì kún, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Bó ṣe rí mi, ó sún fún mi kíákíá, ó fi ọwọ́ nu ibi tí màá jókòó sí.

"Ẹ̀gbọ́n! Ṣé kò sí o?"

Mo sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí òjò dá mi dúró, mo sọ bí àṣìṣe náà ṣe dùn mọ́ mi, mo sọ ti iṣẹ́ àgbẹ̀, mo sọ ti omi, mo sọ irọ́ tí mo pa mọ́ ẹ̀rọ. Mo ní owú ni. Mo ní mo jowú rẹ̀ débi tí mo fi bú ìrẹsì tí èmi fúnra mi sè. Ó ti dẹ́kun jíjẹ àgbàdo. Mo ń retí kó bú mi. Ká sọ pé ó gbá mi létí pàápàá, ìbá tù mí lára. Ẹ̀rín ni ó bú sí, débi tí awakọ̀ fi yíjú wò wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rò pé mo gba urọ́ ẹ̀rọ yẹn gbọ́ ni? Èmi náà mọ àṣẹ yẹn. Ọjọ́ Ajé yẹn náà ni mo tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀mpútà mi, mo rí i pé gbogbo uṣẹ́ mi wà ńbẹ̀, ọ̀kan kò yingin. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Kí n sọ ọ́ fún ta? Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ̀yin ni Baba á kó kọ́kọ́rọ́ fún. Ẹ ò mọ̀ bó ṣe rí lára mi lọ́jọ́ Ajé tí mo kọ́kọ́ dé. Ẹ̀ ń dáhùn, ẹ̀ ń dáhùn, ẹ ò sinmi. Èmi dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Unú mi korò, mo délé, mi ò lè jẹun. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé e."

"O ń gé kí ni?"

"Àwọn fáìlì." Ó mú àgbàdo ọwọ́ rẹ̀, ó dá a sí méjì, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ kékeré. "Ẹ wo ti eyín. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni. Mo gé e: eyín òkè, ó di fáìlì kan. Eyín ìsàlẹ̀, òmíràn. Orín jíjẹ, òmíràn. Búrọ́ọ̀ṣì, òmíràn. Kò sí ọ̀rọ̀ tuntun nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń pín kiri. Baba kì í ṣí wọn wò, orúkọ ni Baba ń pè. Bí ẹ bá yọ méje, èmi á gé mẹ́wàá." Ó tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé ojú kúrò lára mi. "Ẹ dárí jì mí, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá ti di ọ̀gá, màá tò wọ́n pọ̀ padà fún yín, mo ṣèlérí."

Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Baba ti ní kí n fi ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún òun. Awakọ̀ kígbe pé ó ku ẹnì kan, ìyàwó sì dìde, ó fi ìlàjì àgbàdo náà sí mi lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ sí mi bó ṣe máa ń ṣe. "Ó dàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọkàn mi ti fúyẹ́." Ọkọ̀ gbéra.

Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àgbàdo lọ́wọ́. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ìyọkúrò ni mo yàn. Òun, ìròpọ̀. Rẹ́jísítà tó bá ń jò, pírínsípà á wádìí rẹ̀. Èyí tó bá ń kún, á ní o káre, ọmọ mi. Owú kan náà ló tì wá sí ìwà náà, ọ̀sẹ̀ kan náà ni a ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tirẹ̀ dára ju tèmi lọ, ohun tó sì ta mí lára jù lọ lórí bẹ́ǹṣì yẹn nìyẹn. Mo jowú ọgbọ́n náà. Mo jowú rẹ̀ ju bí mo ṣe jowú fáìlì rẹ̀ lọ.

Mo wá ronú pé ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Bí Baba bá ṣí fáìlì mẹ́ta péré nínú tirẹ̀, yóò rí i. Orúkọ mi ṣì wà lábẹ́ ìlà pupa yẹn, Baba kò tíì fa lẹ́tà náà ya. Mo dìde, mo kọjú sí Òkè-Ìlá, mo ń yára rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo rìn dé ìdí òkè ilé Baba kí ẹsẹ̀ mi tó kọ̀. Mo rí i bí yóò ṣe gbọ́ mi jálẹ̀, bí yóò ṣe yọ awò ojú rẹ̀, tí yóò nù ún, tí yóò sì wò mí, èmi tí mo wo ojú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà tí mo ní ẹ̀rọ ni. Òtítọ́ pọ́ńbélé wà lẹ́nu mi, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní pè é ní owú.